Stem cell fún ọmọ tó ní ọ́tísìmù: ohun tí àwọn òbí ń béèrè

Kì í pẹ́ kí fídíò náà tó dé orí WhatsApp àwọn òbí tó ní ọmọ ọ́tísìmù, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, tí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá ènìyàn ṣe sì lè ṣòro fún. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ rí, wọ́n gbé e lọ sí òkèèrè, wọ́n fún un ní stem cell, ó dé ó ń pe “Mọ́mì”. Lẹ́yìn fídíò ni ìbéèrè máa ń rọ́ dé. Èyí tí wọ́n ń béèrè jù lọ la kó jọ síbí, a ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹni tó bá ń kánjú lè lọ tààrà sí ìbéèrè kẹrin, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1. Kí ni stem cell gan-an?

Sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara wa. Ti ẹ̀jẹ̀ wà, ti awọ wà, ti ọpọlọ wà, kálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Stem cell ni èyí tí kò tíì yan iṣẹ́: ó lè máa pín ara rẹ̀, ó sì lè di irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ó wà nínú mùdùnmúdùn egungun, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú ìwọ́ lẹ́yìn tí a bá bímọ tán, ó wà nínú ìwọ́ fúnra rẹ̀, ó sì wà nínú ọ̀rá ara.

Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni wọ́n. Èyí tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú egungun, ẹ̀jẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá ń tà á bí ẹni pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, tó sì lè tún ojú, orúnkún àti ọpọlọ ṣe, ọjà ló ń tà.

2. Ṣé irọ́ wá ni gbogbo rẹ̀? Kò wo àrùn kankan?

Rárá o, ó ń wo àrùn. Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tọ́jú ọmọ kan ní ìlú Paris, tí àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fanconi ń bá jà, ọ̀nà náà ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Wọ́n ń lò ó fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń lò ó fún fòníkú-fọ̀ladìde. Ní Nàìjíríà níbí, ọdún 2011 ni ilé ìwòsàn UBTH ní ìlú Benin ṣe ìtọ́jú stem cell àkọ́kọ́ fún ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Ẹ kíyè sí ohun tó so àwọn àrùn wọ̀nyẹn pọ̀: inú ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Mùdùnmúdùn egungun ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́, nítorí náà wọ́n á fi oògùn líle pa èyí tó wà níbẹ̀ run, wọ́n á wá fi ti ẹlòmíràn tó bá ara mu rọ́pò rẹ̀. Ọmọ náà á lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nílé ìwòsàn, ewu sì wà ńbẹ̀ gidi. Ìyẹn jìnnà sí dírípù wákàtí kan tí wọ́n ń polówó fún ọ́tísìmù.

Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn níbẹ̀, fọwọ́ sí, nítorí àrùn tó jẹ mọ́ ìṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀ ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí irú stem cell mìíràn tó ń jẹ́ Ryoncil, fún àwọn ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára ẹlòmíràn ń gbógun ti ara tiwọn, tí oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ lò kò sì ràn án. Ti ọ́tísìmù kò sí nínú rẹ̀. FDA dárúkọ ọ́tísìmù gan-an nínú ìkìlọ̀ tó ṣe fún aráàlú nípa àwọn tó ń ta stem cell láìgbàṣẹ. NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, náà kì í fún ọmọ ọ́tísìmù ní stem cell.

3. Báwo ni wọ́n ṣe ní yóò ṣiṣẹ́ fún ọ́tísìmù?

Àlàyé àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ìwádìí gidi ni pé nínú àwọn ọmọ ọ́tísìmù kan, ó dà bí ẹni pé ọ̀nà tí ara fi ń gbógun ti àrùn ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì lè máa dà á láàmú nínú ọpọlọ. Wọ́n rò pé stem cell lè tu ìjà yẹn lójú. Èrò tó ṣeé wádìí ni, kò sì sí ohun tó burú nínú kí wọ́n wádìí rẹ̀.

Èyí tí kò ṣeé gbà gbọ́ ni èyí tí àwọn olówò ń sọ: pé sẹ́ẹ̀lì yóò wọ inú ọpọlọ, yóò sì “tún ibi tó bàjẹ́ ṣe”. Ọ́tísìmù kò dà bí òrùlé tó ń jò, tí a ó wá páànù tuntun fi dí i. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe so pọ̀ láti inú oyún ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì ló sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Kò sí ibì kan tí dókítà lè nawọ́ sí pé ibí yìí ló já. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń yọ lára ìwọ́ tàbí ọ̀rá, tí a bá fi dírípù fà á sínú iṣan, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń há sí, kì í sì í pẹ́ kó tó pòórá. Àwọn kílíníìkì kan mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀yìn ọmọ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á sínú omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká. Ewu tuntun nìyẹn fi kún un. Ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà.

4. Ìwádìí wo ni wọ́n ti ṣe, kí ni wọ́n sì rí?

Èyí tó lórúkọ jù lọ wá láti Yunifásítì Duke, ní North Carolina, lọ́wọ́ Dókítà Joanne Kurtzberg àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Geraldine Dawson. Ní ọdún 2017 wọ́n tẹ àbájáde ìpele àkọ́kọ́ jáde. Ọmọ 25 ni wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tiwọn tí òbí ti tọ́jú pamọ́ láti ọjọ́ ìbí. Kò sí ọmọ kankan tí wọ́n fi ṣe àfiwé. Gbogbo òbí mọ̀ pé ọmọ òun ti gbà á. Lẹ́yìn oṣù 6, ọ̀pọ̀ wọn ní àyípadà wà. Ìròyìn yìí ló gba ayé kan, òun náà ni àwọn olówò ṣì ń gbé kiri títí dòní.

Duke kò dúró síbẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún un. Wọ́n kó ọmọ 180 jọ, láti ọdún 2 sí 7, wọ́n fi ìbò pín wọn: 56 gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tiwọn, 63 gba ti ẹlòmíràn, 61 gba omi tí kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú rẹ̀. Òbí kò mọ èyí tí ọmọ òun gbà, àwọn tó ń yẹ ọmọ wò náà kò mọ̀. Ọdún 2020 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn oṣù 6, nínú ohun tí wọ́n dìídì fẹ́ wọ̀n, ìyẹn bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn ṣe, tó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, kò sí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ àti àwọn tó gba omi.

Wọ́n tún yẹ inú ìṣirò náà wò, wọ́n sì rí àmì díẹ̀ pé àwọn ọmọ tí làákàyè wọn kò kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn lè jàǹfààní kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa, nítorí òun ni wọ́n á tẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Tí ènìyàn bá pín ọmọ 180 sí ọ̀nà púpọ̀, ó ṣòro kó má rí ọ̀wọ́ kan tó dà bí ẹni pé ó sàn. Irú àmì bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ni fún ìwádìí tó ń bọ̀. Kò tíì di ìdáhùn.

Ìwádìí mìíràn wà, ti Sutter Health ní California, tó jáde ní 2018. Ọmọ 29. Kálukú gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tirẹ̀ nígbà kan, ó sì gba omi nígbà mìíràn, láìmọ èyí tó jẹ́ èwo. Àwọn náà kò rí ìyàtọ̀ tó dájú. Àwọn ìwádìí láti Ṣáínà, Íńdíà àti Panama tí ẹ ó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ní ó ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ìbò pín ọmọ, wọn kò sì fi ohun tí wọ́n fún ọmọ pamọ́ fún òbí.

5. Ìyá kan tí mo mọ̀ dáadáa ní ọmọ òun yí padà. Ṣé irọ́ ló ń pa ni?

Kì í purọ́. Ohun tó fojú rí ló ń sọ.

Ọmọ ọ́tísìmù ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ní ọdún 3 máa ń ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ọdún 4 tàbí 5, yálà wọ́n gbé e lọ sí ibì kan tàbí wọn kò gbé e. Ìgbà tí ara bá sì ni wá jù lọ la máa ń gbé e lọ, ìgbà tí nǹkan le jù. Lẹ́yìn irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi owó tí a yá kún un, àti ìrìn àjò, àti gbogbo mọ̀lẹ́bí tó ń tẹ̀ wá láago pé “Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?” Ojú òbí á là sílẹ̀, gbogbo ìró tó bá ti ẹnu ọmọ náà jáde, wọ́n á gbọ́ ọ. Wọ́n á máa bá a ṣeré sí i, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ sí i. Ìyẹn nìkan ń ran ọmọ lọ́wọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1998, ìròyìn jáde ní Amẹ́ríkà pé secretin, èròjà kan tí àwọn dókítà fi ń yẹ inú wò, mú ọmọ ọ́tísìmù mẹ́ta sàn. Òbí ya bo àwọn dókítà. Ní 1999, wọ́n fi ọmọ 60 dán an wò, apá kan gba secretin, apá kan gba omi iyọ̀. Apá méjèèjì ló sàn díẹ̀, omi iyọ̀ kò sì kéré sí oògùn. Ibi tó dùn mí jù nínú rẹ̀ rèé: lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún àwọn òbí náà pé kò ṣiṣẹ́, ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ṣì ní àwọn fẹ́ ẹ. Èmi kò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta nǹkan mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la rí.

Nítorí náà, tí wọ́n bá fi fídíò ránṣẹ́, ẹ má bá ìyá inú rẹ̀ jà. Ẹ kàn rántí pé àwọn tí nǹkan kan kò yí padà fún, wọn kì í ṣe fídíò.

6. Ó kéré tán, kò lè pa á lára?

Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀, tí wọ́n tọ́jú dáadáa, tí ilé ìwòsàn ńlá sì fún un, kò ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ ní nǹkan nínú ìwádìí tí a dárúkọ lókè. Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n ń tà fún ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ní 2018, ní Texas, Florida àti Arizona, ènìyàn 12 dèrò ilé ìwòsàn nítorí kòkòrò àrùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí wọ́n tà fún wọn gẹ́gẹ́ bí stem cell. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí òfin ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin kan láti Ísírẹ́lì, àrùn ọpọlọ mìíràn ló ń ṣe é, wọ́n gbé e lọ sí Moscow ní ìgbà mẹ́ta fún stem cell tí wọ́n mú lára oyún. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, wọ́n rí kókó nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ kókó náà wò, sẹ́ẹ̀lì obìnrin wà nínú rẹ̀: kì í ṣe ara ọmọ náà ló hù ú, ara àwọn tí wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ wọn ni. Ọdún 2009 ni wọ́n kọ ọ́ síwèé ìmọ̀.

Ewu kan tún wà tí kì í hàn lójú. Nígbà tí Duke fún ọmọ 12 ní sẹ́ẹ̀lì láti ara ìwọ́ ẹlòmíràn, ara 5 nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè èròjà tó ń gbógun ti sẹ́ẹ̀lì àjèjì. Kò ṣe àwọn ọmọ náà ní nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá nílò kídìnrín tàbí mùdùnmúdùn ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú, ó lè ṣòro fún un láti rí èyí tó bá a mu.

7. Wọ́n ní ìwádìí ni àwọn ń ṣe, pé orúkọ àwọn wà lórí ClinicalTrials.gov, ojú òpó tí wọ́n ti ń kọ ìwádìí ìṣègùn sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ìwádìí síbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ni, kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni èyí: ṣé a ó sanwó? Ìwádìí gidi kì í sábà gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ìwádìí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san dọ́là 10,000 kí wọ́n tó fi ọmọ yín “ṣe ìwádìí”, oníbàárà lẹ jẹ́.

Ẹ tún bi wọ́n pé: ara ta ni sẹ́ẹ̀lì náà ti wá, ilé iṣẹ́ wo ló sì tọ́jú rẹ̀? Ìgbìmọ̀ wo ló yẹ ìlànà yín wò? Tí ọmọ mi bá ṣàìsàn ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a padà sílé, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Tí Èkó tàbí Àbújá ni kílíníìkì náà bá wà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé NAFDAC hàn yín fún ohun tí wọ́n fẹ́ fà sí ọmọ yín lára, kì í ṣe ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́. Ẹni tí inú bá ń bí nítorí irú ìbéèrè yìí ti dá yín lóhùn.

8. Íńdíà ni wọ́n ní ká gbé e lọ. Ṣé wọn kò mọ iṣẹ́ níbẹ̀ ni?

Wọ́n mọ iṣẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ará ilé wa ló ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn níbẹ̀ tó sì sàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ló kọ̀ láti gba ti ọ́tísìmù yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà wọn sọ pé àwọn kò fọwọ́ sí stem cell fún ọ́tísìmù.

9. A tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ wa sí bánkì nígbà tí a bí i. Ṣé kò wúlò mọ́?

Ó lè wúlò fún àrùn ẹ̀jẹ̀, pàápàá fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Fún ọ́tísìmù, ìwádìí Duke lókè ni ìdáhùn. Aboyún tó ń ronú àtisan owó bánkì yìí lọ́dọọdún nítorí ẹ̀rù ọ́tísìmù, kó fi owó rẹ̀ sápò.

10. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ náà kì í ṣe ọmọ lásán, pé oògùn òyìnbó kò lè ràn án.

Ẹ fọ̀wọ̀ dá Màmá lóhùn, ẹ má bá wọn jiyàn. Ọmọ yín kì í ṣe ẹmẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ jẹ nínú oyún tàbí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ tó fà á. Wọ́n ti ń kọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn láti 1943, kò sì sí ìran tí kò sí. Lójú tèmi, olówò stem cell àti ẹni tó ní ká wá ṣe ètùtù, ibì kan náà ni wọ́n ń dúró dè wá sí: ibi tí ó ti sú wa. Ní ti pé kò sí oògùn òyìnbó tó ń mú ọ́tísìmù kúrò, Màmá kò kúkú jẹ̀bi.

11. Tí kì í bá ṣe stem cell, kí ni ká ṣe?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ọmọ náà wò dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọ́tísìmù ni; ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n ni ọmọ tí kò gbọ́ràn ń di “ọmọ tí kò fẹ́ dáhùn”. Lẹ́yìn náà, dókítà tó mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ: wọ́n wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọ́n wà ní UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá sì ní ẹ̀ka ọmọdé ní Òṣòdì. Ẹ ó dúró lórí ìlà, mo mọ̀. Ẹ mú oúnjẹ ọmọ dání.

Tí gìrì bá ń mú ọmọ náà, ìtọ́jú rẹ̀ ló ṣáájú gbogbo nǹkan. Kí wọ́n yẹ oorun rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ gbígbẹ wò, kí wọ́n yẹ eyín wò. Ọmọ tí kò lè sọ pé inú ń run òun, orí ló máa ń fi gbá ògiri. Fún ìbínú tó le, tó ń mú kó ṣe ara rẹ̀ léṣe, oògùn méjì wà tí FDA fọwọ́ sí, risperidone ní 2006 àti aripiprazole ní 2009. Ìbínú ni wọ́n ń rọ̀, wọn kì í mú ọ̀rọ̀ wá, wọ́n sì ń mú ọmọ sanra. Dókítà ni kó kọ ọ́.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà nílé àti níléèwé: ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ, ẹni tó ń kọ́ ọmọ bí yóò ṣe wọ aṣọ àti bí yóò ṣe jẹun, káàdì àwòrán tí ọmọ fi ń tọrọ omi kó tó lè fi ẹnu tọrọ rẹ̀. Káàdì kì í dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, bí àwọn kan ṣe ń rò. Àjọ WHO ní ẹ̀kọ́ kan fún àwọn òbí, ìpàdé 9 àti àbẹ̀wò 3 sílé, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi eré àti iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́ kọ́ ọmọ. Nǹkan kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹ jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọ, ẹ ṣe ohun tó ń ṣe, ẹ dúró dè é kó wò yín. Àwọn òbí máa ń rò pé ó rọrùn jù. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan ná.

Èyí sì kan àwa Yorùbá gan-an, nílé àti lẹ́yìn odi: wọ́n máa ń sọ fún òbí pé kí wọ́n dẹ́kun Yorùbá, kí ọmọ lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí kò gbè é lẹ́yìn. Èdè méjì kì í fa ọmọ ọ́tísìmù sẹ́yìn. Èdè tí ìyá-ńlá rẹ̀ fi ń kì í kò yẹ kó di èèwọ̀ fún un.

12. A ti gbà á fún un. Kí ni ká ṣe báyìí?

Ẹ má fi pamọ́ fún dókítà yín. Kò sí ẹni tó yẹ kó bú yín. Ẹ bèèrè ìwé lọ́wọ́ kílíníìkì náà: irú sẹ́ẹ̀lì wo, láti ara ta ni, iye tí wọ́n fún un, ọjọ́ wo, iṣan tàbí ẹ̀yìn ni wọ́n gbà. Ẹ má dá oògùn gìrì rẹ̀ dúró nítorí pé wọ́n ní stem cell ti rọ́pò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ibà bá mú un, tó ń bì, tí ọrùn rẹ̀ le, tàbí tí ojú abẹ́rẹ́ wú, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn ìgbà náà, tí orí fífọ́ kò bá lọ, tí ìrìn rẹ̀ bá yí padà tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ, ẹ ní kí wọ́n yẹ orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Tí ẹ bá ti san apá kan owó tí ẹ kò tíì lọ, ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ ń gba owó yín padà, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi “àǹfààní ọ̀sẹ̀ yìí nìkan” mú yín san èyí tó kù.